Ohun tó sún mọ́ni ni kí ọ̀bẹ gbẹ́, òkè tó jìnnà ni kí búrọ́ọ̀ṣì yà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan ta á lọ́rẹ. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kàwé ní Austria, òun ló fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ láti Tirol: wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ewé sára igi rẹ̀, wọ́n sì ya òkè ńláńlá tí yìnyín bo orí wọn sára ilẹ̀kùn. Káfíńtà mi ní Ṣàgámù ní òun lè ṣe irú rẹ̀. Ìrókò ló ní òun yóò lò, pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Yóò gbẹ́ òkè náà jinlẹ̀, yóò kùn ún ní ọ̀dà olóròóró, yóò wá fi fánìṣì tó ń dán bo gbogbo rẹ̀. Owó tó pè kò kéré. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ṣé kò ní là nígbà ọyẹ́? Àwọn àbúrò mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni yìnyín ń wá nílé ọmọ Rẹ́mọ. (Ìyá Ìyàwó, Ìkẹ́nnẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìyàwó. A ó ṣe é láṣeyè.

Káfíńtà yín kò purọ́ fún yín. Ohun tó sọ ṣeé ṣe, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe é bó ṣe wí, ẹ óò sanwó ọnà lẹ́ẹ̀mejì lórí òkè kan ṣoṣo, òkè náà kò sì ní jọ òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù rọ̀ mọ́.

Ohun tí a bá gbẹ́ jinlẹ̀ máa ń ní òjìji tirẹ̀. Bí iná pálọ̀ bá tàn láti ọwọ́ òsì, òjìji á ṣubú sí ọ̀tún. Bí ẹ bá ṣí wíńdò láàárọ̀, òjìji á tún yí padà. Kíá ni ojú á ti mọ̀ pé nǹkan yìí wà nítòsí, pé ọwọ́ lè tó o. Òkè tí a fẹ́ kí ènìyàn rí bí ẹni pé ó wà ní ogún máìlì, tí òjìji rẹ̀ wá nípọn tó ìka, ojú kò ní gbà á gbọ́. Ọ̀dà ló mọ bí a ṣe ń mú nǹkan jìnnà: àwọ̀ á máa ṣá díẹ̀díẹ̀, etí òkè á máa rọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa pòórá sínú kùrukùru. Iṣẹ́ yẹn kò lè yọ àfi lórí ojú igi tó tẹ́jú. Nítorí náà, ewé, òdòdó, èso, ẹyẹ, gbogbo ohun tó wà nítòsí, ni kí wọ́n gbẹ́. Òkè àti sánmà ni kí wọ́n yà.

Ẹ tún fọ́tò yẹn wò dáadáa. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Tirol lóòótọ́, ẹ óò rí i pé ara férémù àti etí ilẹ̀kùn ni ìgbẹ́ wà, àti pé pákó àárín tí òkè wà lára rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn ará abúlé orí òkè Alps, ní Tirol, ní Bavaria lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, àti ní Appenzell ní Switzerland, ti ń kun kọ́bọ́ọ̀dù àti àpótí ìyàwó bẹ́ẹ̀ tipẹ́; àárín ọdún 1700 sí 1850 ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ jù. Igi ahóyaya (pine) tó rọ̀, tó sì pọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ń lò, torí àwọn olówó ìlú ńlá ló lágbára igi líle. Igi ọ̀hún kún fún kókó, kò wu ojú, ọ̀dà ni wọ́n fi ń bò ó. Àwọn ará Appenzell a máa ya màlúù tó ń tò gòkè lọ jẹko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ mẹ̀kúnnù ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé láìjẹ́ pé igi wọ́n bí ojú, irú fọ́níṣọ̀ yìí kò lè dára, ẹ má dá a lóhùn.

Ibì kan wà tí ọ̀bẹ àti ọ̀dà ti jọ ṣe òkè lójú kan náà, mo sì gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà á kí káfíńtà yín má baà fi já mi nírọ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti nǹkan bí ọdún 1650, wọ́n ń ṣe àwọn pátákó ìgéyàrá alápapọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ pákó méjìlá tó so mọ́ra, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Coromandel nítorí pé etíkun Íńdíà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé e gbà lọ sí Yúróòpù. Wọ́n á fi ohun dídán dúdú kun igi léraléra títí yóò fi nípọn, wọ́n á fín òkè, omi àti ààfin sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi àwọ̀ kún ojú ibi tí wọ́n fín. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìfín lásán nìyẹn, kò jìn ju sísanra èékánná lọ, kò sì ní òjìji. Èyí tí káfíńtà yín ń sọ kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọgògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, British Museum ló sì wà títí di òní. Ọgògà tó jókòó àti òyìnbó àkọ́kọ́ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ló wà lára rẹ̀. Ó gbẹ́ àwọn ènìyàn náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó. Ẹ̀yìn wọn ló fi sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tó fi ọnà wẹ́wẹ́ àti àwọ̀ sí. Ìkẹ́rẹ́ jókòó sáàárín òkè àpáta, Olósùnta ń wò ó láti òkè, síbẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ kò fi irin gbẹ́ òkè kankan síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọwọ́ tó irú ọwọ́ yẹn, tó ṣì mọ ibi tó yẹ kí ìgbẹ́ dúró, ó yẹ ká fara wé e.

Ó kan igi. Èmi kò ní lo ìrókò fún ibi tí wọ́n máa kùn. Igi ọlá ni, ikán kì í fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní omi ara tó ń mú kí ọ̀dà olóròóró pẹ́ gbẹ, nígbà mìíràn á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni. Òkúta funfun a tún máa wà nínú rẹ̀, ẹfun líle gan-an, tó ń kán ẹnu irin agbẹ́gilére. Lẹ́bú rẹ̀ ń mú àwọn kan sín, ó sì ń yún wọn lára. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yẹn, ọ̀dà ni ẹ óò fi bò ó mọ́lẹ̀. Kí la ń ra ìrókò fún?

Fún férémù àti gbogbo ibi tí wọ́n máa gbẹ́, ọ̀gànwó ni kí wọ́n wá. Ó ń gbà fún irin, àwọ̀ pupa rẹ̀ á sì gbé aláwọ̀ búlúù àti funfun àárín yọ. Kí wọ́n má gba pákó tí etí rẹ̀ funfun, ìyẹn ibi tó sún mọ́ èèpo. Ibẹ̀ ni kòkòrò ajegi ń kọ́kọ́ wọ̀, ọdún kejì lẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́bú nílẹ̀.

Fún pákó àárín, igi méjì wà nítòsí wa tí àwọn ènìyàn ń fojú kéré. Èkíní ni ọ̀mọ̀, igi tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù. Ó fúyẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́. Èkejì ni Gmelina, tí àwọn oníṣọ́míìlì ń pè ní Mẹlína. Láti apá Íńdíà ni wọ́n ti mú un wá. Wọ́n gbìn ín lọ rẹpẹtẹ sí igbó J4, nínú igbó ọba Ọmọ ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, kí wọ́n lè máa fi ṣe bébà ní Ìwọ̀pin. Bébà ọ̀hún kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n igi náà wà. Ó funfun bí ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ tí kò tíì rokà, kì í wú kó sì máa sún lọ títí, ojú rẹ̀ sì ń gba ọ̀dà. Èmi, Mẹlína ni máa mú. Bí wọn kò bá rí èyí tó gbẹ dáadáa, pílááwùdù tó nípọn, tó jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ìtìjú fún pákó àárín. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa bínú sí mi lórí èyí. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, nìkan ni mi ò fọwọ́ sí, torí bí omi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wú nìyẹn, kò sì tún ní padà.

Ẹ béèrè bóyá yóò là. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó dè mọ́lẹ̀, yóò là. Igi kì í dàgbà ní òró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e, ìbú rẹ̀ ló ń yí padà: ó ń mu omi nígbà òjò, ó ń tu ú nígbà ọyẹ́. Pákó tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lè fi mìlímítà mẹ́ta sí márùn-ún yàtọ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kìíní. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò ya. Bí ọ̀dà bá sì wà lójú rẹ̀, àárín òkè gan-an ni ìlà yóò gbà kọjá.

Ohun tí àwọn ará Tirol ṣe sí i, tí gbogbo káfíńtà tó gba fúríìdọ̀mù dáadáa náà mọ̀, ni pé wọ́n fi pákó náà sínú férémù láìlẹ̀ ẹ́. Káfíńtà á la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí inú férémù yíká, kó jìn tó mìlímítà méjìlá. Etí pákó á wọnú rẹ̀ ní bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kí àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó. Bí òjò dé, á wú sínú kòtò. Bí ọyẹ́ dé, á sún jáde díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àfi tí wọn kò bá kun etí rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́ lójú. Iṣẹ́ yín, inú òjò ni wọn yóò ti ṣe é, nígbà tí pákó wú dé òpin. Oṣù Kejìlá ni yóò wọ ilé ìyàwó, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Pákó á sún, ìlà igi funfun tí ọ̀dà kò kàn á sì yọ lẹ́bàá férémù bí ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì bá yọ lábẹ́ ìró. Kí wọ́n kùn ún tán pátápátá, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn, kí wọ́n tó fi sínú férémù. Ẹ̀yìn ṣe pàtàkì: bí iwájú nìkan bá ní ọ̀dà, ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa mumi, pákó á sì tẹ̀.

Kí wọ́n ra igi nísinsìnyí, kí wọ́n sì tò ó sábẹ́ òrùlé, kí igi wẹ́wẹ́ wà láàárín pákó kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Kí wọ́n gbé pákó kan náà sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti gbẹ dé ibi tí ojú ọjọ́ wa máa jẹ́ kó gbẹ dé.

Ọ̀dà wá. Kí wọ́n fi òògùn kòkòrò tí kò ní àwọ̀ sí igi náà ná. Èyí dúdú tó rí bí ọ̀dà títì yóò yọ gba inú funfun jáde. Lẹ́yìn náà, ìpìlẹ̀ funfun: ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi sáńpépà wẹ́wẹ́ yùn ún láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó ayàwòrán a máa fi ẹfun àti gọ́ọ̀mù awọ ẹran ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù awọ máa ń hu olú nínú ọ̀rinrin wa. Ẹfun tí a kù dáadáa, tí a pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí a fi omi là, ti tó. Ọ̀dà akirílíìkì ti àwọn ayàwòrán ni kí wọ́n fi ya òkè náà: ó ń yára gbẹ, ó sì ń tẹ̀ lé igi bó ti ń sún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo ọ̀dà ògiri.

Káfíńtà kọ́ ló sì yẹ kó ya òkè. Ẹ wá ayàwòrán. Àwọn tó ń ya ara ọkọ̀ akẹ́rù mọ òkè yà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, ọwọ́ wọn yá, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí sánmà ṣá láti òkè wá sílẹ̀. Àléébù wọn ni pé wọ́n lè fi igi ọ̀pẹ sábẹ́ yìnyín. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá rí bí òkè Alps ṣe tò: igbó dúdú ló wà nísàlẹ̀, bí a bá gòkè tó nǹkan bí mítà 2,000, igi á tán, koríko lásán ló kù, lẹ́yìn koríko, àpáta, lẹ́yìn àpáta ni yìnyín. Großglockner, tó ga jù ní Austria, ga tó mítà 3,798, Tirol sì wà lára àwọn ibi tó pín in. Orí òkè yẹn ṣóńṣó, etí rẹ̀ mú. Yìnyín rẹ̀ kò sì funfun níbi gbogbo: ibi tí oòrùn kò dé máa ń rí bíi búlúù tó rọra pò mọ́ eérú, ibi tí oòrùn kàn nìkan ni kó fi funfun pọ́ńbélé sí. Sánmà ni kó kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà òkè tó jìnnà jù, kó máa bọ̀ wá sítòsí, kí àwọ̀ máa nípọn sí i.

Ó kan ti àwọn àbúrò yín. Ṣé Ìdànrè ni wọ́n ní kí ẹ yà dípò? Òkè tó rẹwà ni, Olúmọ náà sì wà ní Ẹ̀gbá níbẹ̀ yẹn. Àpáta rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n, orí wọn kò ṣóńṣó, ipa omi dúdú sì ń ṣàn lára wọn. Nígbà ọyẹ́, eérú ni wọ́n ń dà lókèèrè, kì í ṣe búlúù. Bí ẹ bá fẹ́ wọn, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àpáta bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ la ní láti ọ̀dọ̀ yín dé etí ọ̀sà, nítorí náà kò sí ìkankan nínú òkè méjèèjì tó lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìlú. Ọkọ ọmọ yín gbé lábẹ́ yìnyín yẹn, ó fẹ́ kí ìyàwó òun mọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà.

Rẹ́mọ yóò wà nínú ohun tí wọ́n bá gbẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n da òdòdó Tirol kọ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Obì gbànja ni kí wọ́n gbẹ́ yí férémù ká, apó rẹ̀ tó là tí awẹ́ inú rẹ̀ yọ, pẹ̀lú ewé rẹ̀ gígùn. Ọjà obì Ṣàgámù kò ṣàjèjì sí agbẹ́gilére èyíkéyìí níbẹ̀, kò ní í béèrè fọ́tò lọ́wọ́ yín. Obì sì ni ohun ìgbéyàwó. Ẹni tó bá dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà yóò máa wo Tirol láti inú oko obì. Kí wọ́n má gbẹ́ ẹ ní ihò gbun-un, torí eruku ọyẹ́ á kó síbẹ̀, aṣọ ìnukọ́bọ́ọ̀dù kò sì ní tó o. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ni ọmọ yín yóò máa lò, kò gbọ́dọ̀ fi kẹrosíìnì kàn án.

Ilẹ̀kùn méjì ni, òkè kan ṣoṣo ni kó gba ara méjèèjì kọjá. Kí àlàfo àárín bọ́ sí àfonífojì, kó má pín ṣóńṣó òkè sí méjì.

Fánìṣì tó ń dán ni mo gbà kí ẹ kọ̀ pátápátá lójú àwòrán. Iná pálọ̀ á máa tàn padà lára rẹ̀, òkè á pòórá. Èyí tó jẹ́ olóròóró sì máa ń pọ́n lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún: sánmà búlúù á di bí ewé tútù, yìnyín á di bí wàrà tó pẹ́. Fánìṣì olómi tí kì í dán ni kí wọ́n fi bo pákó àárín. Ti olóròóró lè lọ sára ọ̀gànwó. Ó ń dára sí i ni bó bá pọ́n. Kí wọ́n fi fánìṣì sí férémù àti pákó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó kó wọn pọ̀.

Owó: ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ san ti igi ná, kí ẹ sì rí igi náà. Ẹ san ti ìgbẹ́ nígbà tí férémù bá jáde láìtíì ní fánìṣì, torí fánìṣì ń bo ìgbẹ́ tí kò mọ́. Ti ayàwòrán, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá ṣàdéhùn. Kó kọ́kọ́ ya òkè kékeré kan sórí àfọ́kù Mẹlína tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ funfun sí bíi ti ojúlówó, ẹ sanwó ìyẹn fún un, ẹ gbé e sí pálọ̀ yín, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá sú yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò ní Ṣàgámù, kí wọ́n tú ilẹ̀kùn kúrò lára híǹjì, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé wọn, kí wọ́n tò wọ́n lóòró, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n, ọ̀dà tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá nínú ooru. Nílé ìyàwó, kó má ṣe dojú kọ wíńdò tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, kó má wà níbi tí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìnnà sí ògiri tó ìka mẹ́ta.